All England láti 1899: ẹ jẹ́ ká sọ ọ́, ká sì wá ìwé ìdíje tiwa

Ìyẹ́Pẹ́pẹ́yẹ (Ìjẹ̀bú-Òde) · Ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ìtàn All England, ìdíje badminton tó ń kó gbogbo ayé jọ sí Birmingham ní oṣù kẹta ọdọọdún. Ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1899 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú gbọ̀ngàn tí àwọn sójà ti máa ń ṣe pàrédì ní Buckingham Gate. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi gbá gbogbo ẹ̀. Kò sí ẹnìkan-sí-ẹnìkan lọ́dún yẹn rárá. Ọkùnrin méjì-sí-méjì, obìnrin méjì-sí-méjì àti tọkùnrin-tobìnrin nìkan ló wà. Ọdún 1900 ni wọ́n tó mú ẹnìkan-sí-ẹnìkan wọlé.

Ohun tó gbé mi kọ̀wé nìyí. Ẹ mú ọdún èyíkéyìí láti ìgbà náà, ẹ óò rí orúkọ ẹni tó gbé ife lọ sílé. Àfi ìgbà tí ogun àgbáyé dá a dúró, 1915 sí 1919 àti 1940 sí 1946. Tiwa ńkọ́? Ìdíje ìparí ọdún tí a máa ń ṣe ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé nílùú wa níbí, tí àwọn ará Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru àti Àgọ́-Ìwòyè máa ń wá bá wa gbá, mo bi èèyàn mẹ́rin léèrè pé ta ló gba ipò kìíní àwọn ọkùnrin ní 1998. Orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbọ́. 1998 tí kò tíì jìnnà! Ó dùn mí wọra.

Ìbéèrè méjì ni mo ní. Nínú gbogbo ọdún All England, èwo ló wà lọ́kàn yín jù? Ta ló sì ní ìwé, fọ́tò tàbí ohunkóhun nípa ìdíje tiwa?

Ará_Màkún (Ṣágámù) · Ọjọ́ Ajé, 8:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀.

Tèmi ni Rudy Hartono ará Indonéṣíà. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó kọ́kọ́ gba ife àwọn ọkùnrin ní 1968, Tan Aik Huang ará Màléṣíà ló nà. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ife kúrò lọ́wọ́ òun títí 1974 fi kọjá. Ọdún méje gbáko, léraléra. Ní 1975, Svend Pri ará Dẹ́nmáàkì nà án ní àṣekágbá. Ẹni tó bá jẹ́ ẹlòmíì, ibẹ̀ ni ì bá fi rákẹ́ẹ̀tì kọ́. Ó padà wá ní 1976, ó nà Liem Swie King tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, ó sì di ìkẹjọ. Kò tíì sí ọkùnrin tó gbà tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹnìkan-sí-ẹnìkan.

Bàbá mi olóògbé ló kọ́ mi ní badminton lẹ́yìnkùlé wa ní Màkún. Oníṣòwò obì ni wọ́n. Okùn ni wọ́n so mọ́ igi obì méjì, ìyẹn ni nẹ́ẹ̀tì wa. Bí mo bá ti gbá shuttle (bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ tí a ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá) jáde, wọ́n á ní, "Hartono ò ní gbá ìyẹn síta." Mo ti mọ orúkọ Hartono kí n tó mọ ibi tí Indonéṣíà wà lórí máàpù.

Ní ti 1998 tí ẹ béèrè, bàbá mi ló gbà á. Mo wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Sẹ́ẹ̀tì kẹta ni wọ́n dé, bàbá mi ti ní 11, ẹnì kejì ní 8, kí iná tó lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà_Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè) · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Àbúrò mi láti Màkún, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún wa ní Àgọ́ ni pé olùkọ́ ìṣirò wa ló gba ti 1998. Ọ̀sẹ̀ tí a wọlé ní oṣù kìíní ọdún 1999, wọ́n dúró níwájú wa ní àsẹ́ḿbílì, a pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mi ò rí ìdíje náà fúnra mi, àtẹ́wọ́ yẹn ni mo rí.

Lórí 1899 tí ẹ̀gbọ́n sọ, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un. Kọ́ọ̀tù tí wọ́n ń lò nígbà náà kò rí bí èyí tí a mọ̀. Ó fẹ̀ lẹ́yìn níhà méjèèjì, ó sì fún níbi nẹ́ẹ̀tì, gẹ́lẹ́ bí ìlù gángan ṣe fún níkùn. Ọdún 1901 ni wọ́n fi kọ́ọ̀tù onígángan yẹn sílẹ̀. Nísinsìnyí, mítà 13.40 ni gígùn, mítà 6.10 ni fífẹ̀ fún méjì-sí-méjì, nẹ́ẹ̀tì sì ga tó mítà 1.55 níbi òpó. Mo ti fi téèpù wọn ti ilé-ìwé wa lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé ó pé.

Ẹ má gbàgbé George Thomas náà. Ife 21 ló kó jọ ní All England láàárín 1903 sí 1928, tí a bá pa gbogbo ẹ̀ka pọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Thomas Cup tí àwọn orílẹ̀-èdè ń du. Ọkùnrin yẹn tún jẹ́ ọ̀gá nínú ayò chess ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Màkún, iye ife kò ní jẹ́ kí n bá yín jà, mẹ́jọ ju mẹ́fà ti Lin Dan ará Ṣáínà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí èèyàn ń nà. Nígbà tí Hartono ń jọba, Ṣáínà ò sí nínú àjọ badminton àgbáyé rárá. Ọdún 1981 ni wọ́n wọlé. Ní 1982 tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí All England, obìnrin wọn, Zhang Ailing, gba ife ẹnìkan-sí-ẹnìkan lójú ẹsẹ̀. Luan Jin gba ti àwọn ọkùnrin ní 1983. Ẹ fojú inú wò ó bí wọ́n bá ti wà níbẹ̀ láti 1968.

Tèmi ni Lin Dan. 2004, 2006, 2007, 2009, 2012, 2016. Ọdún méjìlá ló wà láàárín àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn, tó ń bá Lee Chong Wei ará Màléṣíà wọ̀jà ní gbogbo àkókò yẹn. Lee Chong Wei fúnra rẹ̀ gba mẹ́rin: 2010, 2011, 2014 àti 2017. Ọ̀tá méjì tí wọn ò jẹ́ kí ara wọn sinmi. Mo máa ń jí láago mẹ́rin òru wo wọn lórí fóònù, mo ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí màmá mi má baà gbọ́ ariwo.

Ará_Màkún (Ṣágámù) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Hartono ló ti ilẹ̀kùn mọ́ Ṣáínà. Ẹni tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló nà. Ní 1980, tí a ti ń sọ pé ó ti darúgbó, ó gba ife àgbáyé ní Jakarta, Liem Swie King yìí kan náà ló tún nà. Ẹni ọdún 30 ni. Mo fún Lin Dan ní ìyìn rẹ̀, àmọ́ méje léraléra kò tíì ní ẹlẹgbẹ́.

Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ojú mi ló rí 11-8.

Ìyá_Ìpẹru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:18 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi obìnrin ló fi ìjíròrò yìí hàn mí, mo ní kó bá mi wọlé.

Láti àná ni ẹ ti ń ka mẹ́jọ, tí ẹ ń ka mẹ́fà. Judy Hashman gba mẹ́wàá. Judy Devlin ni wọ́n ń pè é kó tó wọlé ọkọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ó parí ní 1967, ẹnìkan-sí-ẹnìkan àwọn obìnrin. Bàbá rẹ̀, Frank Devlin ará Ireland, ti gba ife 18 níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ Hartono láì dárúkọ Judy, ìdajì ìtàn ló ń sọ. Àwa obìnrin tí a ń gbá badminton ní Rẹ́mọ nígbà tèmi, orúkọ rẹ̀ ni a ń fi gbóríyìn fún ara wa.

Mo gbá badminton láti ọdún 1979 títí eékún fi ní rárá. Ohun tí mo rántí jù ni ọyẹ́. Ìdíje wa máa ń bọ́ sí oṣù Ọ̀pẹ, afẹ́fẹ́ á ti gbẹ, ìyẹ́ shuttle á ti gan bí ewé àgbàdo tó kú lóko. Gbígbá mẹ́ta, ìyẹ́ kan á ṣẹ́, shuttle á máa mì lójú òfuurufú bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò fún. Owó ni shuttle, ẹ̀yin náà mọ̀. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó gbé kẹ́tù kaná lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ooru bá ti ń jáde, a ó ṣí ìdérí ike shuttle lókè àti nísàlẹ̀, a ó di í mú lókè ẹnu kẹ́tù kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá, kò gbọ́dọ̀ pẹ́, kí kọ́ọ̀kì ìdí rẹ̀ má baà mu omi. A ó dé e padà, a ó gbé e sínú yàrá tó tutù. Tó bá di àárọ̀, ìyẹ́ á ti rọ̀. Shuttle kan á wá gbà wá ní odindi sẹ́ẹ̀tì kan.

Ní ti 1998, ọkọ mi olóògbé ló máa ń jókòó lórí àga gíga, òun ló ń ka máàkì. Gbogbo ìdíje tó bá kà ló ń kọ sínú ìwé kan. Ìwé náà wà nínú àpótí ní ilé wa lókè. N óò ní kí wọ́n wá a. Ẹ fún mi ní ọjọ́ díẹ̀.

Ìyẹ́Pẹ́pẹ́yẹ (Ìjẹ̀bú-Òde) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:40 ọ̀sán

Ìyá wa, ẹ kú àánú wa. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá sí Ìpẹru wá gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀ fún yín, kí ẹ sáà pè mí.

Ọmọ_Fọlágbadé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:55 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dákun, ẹ ṣàlàyé fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Báwo ni ẹnì kan ṣe lè ní 11-8 kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí? Ṣé kì í ṣe 21 ni wọ́n ń gbá dé?

Tíṣà_Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 alẹ́

Ìbéèrè dáadáa. Láti 2006 ni 21 ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, 15 ni àwọn ọkùnrin ń gbá dé, 11 ni àwọn obìnrin nínú ẹnìkan-sí-ẹnìkan. Ẹni tó ń sáàfù nìkan ló sì lè gba pọ́ìntì. Bí o bá nà án nígbà tí òun ń sáàfù, sáàfù nìkan lo gbà, máàkì ò kúrò lójú kan. Èèyàn lè gbá ogún ìṣẹ́jú kí 11-8 ṣì wà ní 11-8. Nísinsìnyí, ẹni tó bá ti borí ló ń gba pọ́ìntì, ìbáà jẹ́ ta ló sáàfù. Tí ó bá di 20-20, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi méjì ju ẹnì kejì lọ, títí dé 29-29. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kan 30 ló borí.

Nítorí náà, ẹni tó ní 11-8 ní 1998, iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú rẹ̀.

Ìyá wa ti sọ̀rọ̀ shuttle, ẹ jẹ́ kí n fi tilé-ìwé tì í lẹ́yìn. Ìyẹ́ 16 ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré ju gíráàmù 4.74, kò sì gbọ́dọ̀ ju 5.50. Ìyẹ́ ara shuttle kan gbọ́dọ̀ ti apá kan náà wá, torí bí ìyẹ́ ọ̀tún àti tòsì bá dàpọ̀, kò ní yí bó ṣe yẹ. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ike: 75, 76, 77, 78. Kì í ṣe iye owó, bí shuttle ṣe ń yára tó ni. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa gbóná, ó sì fúyẹ́, shuttle máa ń sáré nínú rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà kékeré ló bá wa mu. Èyí tí àwọn ará ilẹ̀ òtútù ń lò, tí ẹ bá gbá a ní Àgọ́ lọ́sàn-án, ó ti jáde kí ẹ tó gbé ọwọ́ wálẹ̀.

Bí mo ṣe ń dán an wò nìyí: dúró sórí ìlà ẹ̀yìn, gbá a láti ìsàlẹ̀ sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ, kí ó lọ tààrà. Tó bá balẹ̀ ní mìlímítà 530 sí 990 kí ó tó kan ìlà ẹ̀yìn òdìkejì, ó dára. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì síbẹ̀.

Ará_Ìlíṣàn · Ọjọ́rú, 10:10 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Tíṣà dárúkọ 30. Àṣekágbá All England 2021 ni ẹ jẹ́ ká lọ wò: Lee Zii Jia ará Màléṣíà àti Viktor Axelsen ará Dẹ́nmáàkì tó gbà á lọ́dún tó ṣáájú. Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, 30-29. Pọ́ìntì kan péré, ibẹ̀ ni òfin ti parí. Axelsen gba ìkejì 22-20, Lee gba ìkẹta 21-9. Mo wo sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí nípa 2021 ni ti Indonéṣíà. Wọ́n ti dé Birmingham, àwọn kan tiẹ̀ ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó sọ fún wọn pé ẹnì kan nínú bàálù tí wọ́n bá wá ní kòrónà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn, èrò mìíràn ni. Gbogbo wọn ni wọ́n yọ kúrò nínú ìdíje. Orílẹ̀-èdè Hartono! Mo rí wọn lórí fídíò tí wọ́n ń jáde ní òtẹ́ẹ̀lì, inú mi bàjẹ́ bíi pé ọmọ ìyá mi ni wọ́n.

Ẹ wá wo 2024. Jonatan Christie àti Anthony Ginting, ọmọ Indonéṣíà méjèèjì, ni wọ́n kojú ara wọn ní àṣekágbá. Christie gbà á, 21-15, 21-14. Ìgbà tí irú rẹ̀ wáyé kẹ́yìn ni 1994, tí Hariyanto Arbi nà Ardy Wiranata. 1994 yẹn gan-an ni ọdún àkọ́kọ́ tí ìdíje kó dé Birmingham. Láti 1957 dé 1993, Wembley ló wà. Lára tèmi, 2024 ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọmọ_Fọlágbadé · Ọjọ́rú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé, Tíṣà. Ó yé mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Àwọn èèyàn yìí ní gbọ̀ngàn ńlá, ìmọ́lẹ̀, ilẹ̀ onípákó. Àwa tí a ń gbá níta, tí atẹ́gùn ń gbé shuttle lọ sórí òrùlé aládùúgbò, báwo la ṣe máa dé ibẹ̀? Kì í ṣe pé mo ń sọ̀rètí nù. Mo kàn fẹ́ mọ̀.

Ìyẹ́Pẹ́pẹ́yẹ (Ìjẹ̀bú-Òde) · Ọjọ́rú, 6:00 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò mi, gbọ́ ti Prakash Padukone. Ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó gba ife àwọn ọkùnrin ní All England ni, ní 1980. Liem Swie King tí a ti ń dárúkọ láti àárọ̀ ló nà, 15-3, 15-10, King yìí tó ti gbà á ní 1978 àti 1979. Níbo ni Padukone ti kọ́ṣẹ́? Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ni, nítòsí ilé wọn ní Bangalore. Ọjọ́ tí ìyàwó bá wà, kò sí badminton. Ọjọ́ tí kò bá sí ìyàwó, ó di ti àwọn ọmọ.

Mo dìde dúró nígbà tí mo ka ibẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde tí a wà yìí! Gbọ̀ngàn àríyá wo ni a ò ní? Ẹ ka èyí tó wà láti Fọlágbadé dé òpópónà Ìbàdàn nìkan. Ọjọ́ Jímọ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè ni wọ́n ń kún. Láti Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, àga ṣíṣù ló wà níbẹ̀ àti ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà. Àjà wọn ga, atẹ́gùn kì í wọlé bí wọ́n bá ti fèrèsé. Mo ti bá onígbọ̀ngàn kan sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní bí a bá máa ra epo jẹnẹrétọ̀ fúnra wa, tí a ò sì ní fi ìlà kun ilẹ̀ òun, a lè máa lo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Téèpù ni a óò fi ṣe ìlà, a óò máa ṣí i kúrò.

Íńdíà kò sì dúró síbẹ̀. Pullela Gopichand gbà á ní 2001, Chen Hong ará Ṣáínà ló nà. Ní 2022 àti 2023, ọmọ rẹ̀ Gayatri àti Treesa Jolly dé ìpele tó kẹ́yìn ṣáájú àṣekágbá nínú obìnrin méjì-sí-méjì.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́ · Ọjọ́rú, 9:45 alẹ́

Bọ̀dá Fọlágbadé, àwọn tiwa náà ti ń rìn. Anuoluwapo Opeyori ti gba ife Áfíríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì gbá ẹnìkan-sí-ẹnìkan ní Òlíḿpíìkì Pàrísì 2024. Eniola Bolaji gba bàbà ní Paralympics ti Pàrísì kan náà. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó gba àmì ẹ̀yẹ badminton níbẹ̀ rí, àfi òun. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ẹ má sì ronú pé ìgbà tí a bá dé Birmingham nìkan ni a óò rí ìdíje àgbáyé. Mo ti lọ wo èyí tí wọ́n ń ṣe ní Èkó, ní gbọ̀ngàn Molade Okoya-Thomas ní Surulere. Agogo márùn-ún àárọ̀ ni mo wọ mọ́tò ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo jókòó sí ìlà kejì lẹ́yìn ìlà ẹ̀yìn kọ́ọ̀tù, àwọn ọmọ Íńdíà méjì ń gbá. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò lè fi hàn èèyàn ni ìró ẹsẹ̀ wọn. Bàtà wọn ń dún fíì-fíì lórí ilẹ̀, kò dákẹ́, nígbà tí shuttle fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ dún. Èyí tó ga nínú wọn á fò sókè bíi pé yóò gbá a mọ́lẹ̀, gbogbo wa á ti di etí, á wá fi ọwọ́ kàn án díẹ̀, shuttle á rọra jábọ́ sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni ẹnì kejì sáré sẹ́yìn. Bí mo ṣe padà délé, ìyẹn nìkan ni mo fi oṣù méjì kọ́.

Ará_Ìlíṣàn · Ọjọ́bọ̀, 8:15 àárọ̀

Lórí ìwé ìdíje tiwa. Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ mi tí ẹ̀gbọ́n mi yà nínú gbọ̀ngàn náà, kò sí déètì lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin méjì ń bọ ara wọn lọ́wọ́ níbi nẹ́ẹ̀tì. Àwọn obìnrin mẹ́ta dúró lẹ́yìn, aṣọ kan náà ló wà lára wọn: àǹkárá búlúù, gèlè aláwọ̀ ọsàn.

Ọmọ_Fọlágbadé · Ọjọ́bọ̀, 8:50 àárọ̀

Ẹ dúró ná. Mo ti wo fọ́tò náà dáadáa. Ìyá mi ní aṣọ yẹn! Aṣọ tí ẹgbẹ́ wọn dá fún Ojúde Ọba ni. Mo gbé fóònù lọ bá wọn ní ilé ìdáná, wọn ò tiẹ̀ ronú: "1996 ni a dá èyí." Wọ́n ṣì ní ìró rẹ̀. Nítorí náà, fọ́tò yẹn kò lè ṣáájú 1996.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní fọ́tò tí kò ní déètì, kí ó gbé e wá síbí. Àwọn ìyá wa á fi aṣọ ka ọdún rẹ̀ fún wa.

Ìyẹ́Pẹ́pẹ́yẹ (Ìjẹ̀bú-Òde) · Ọjọ́bọ̀, 9:05 àárọ̀

Ọpọlọ pípé nìyẹn, àbúrò. Mo ti ṣí ìwé tuntun kan. Fọ́tò yìí ni mo kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn: "1996 tàbí lẹ́yìn rẹ̀."

Ìyá_Ìpẹru · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:33 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin ọmọ mi. A ti rí ìwé náà.

Ìwé ilé-ìwé lásán ni, èyí tó ní ìṣirò ìsọdipúpọ̀ lẹ́yìn. Kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ pé. Ọkọ mi fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó bá borí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 1987, ó dé 2003. Kò kọ orúkọ gidi, orúkọ tí a ń pe ara wa ló kọ: Bàbá Olóbì, Ọ̀gá Ìṣirò, Ìyá Ìbejì, Dókítà, Kékeré Ìṣarà. Ìyá Ìbejì yẹn, èmi ni.

Ojú ìwé 1998 rèé, bó ṣe kọ ọ́ gan-an ni mo ní kí ọmọ mi tẹ̀ ẹ́:

"Sátidé 19/12/98. Ọkùnrin, àṣekágbá. Bàbá Olóbì (Màkún) àti Ọ̀gá Ìṣirò (Àgọ́). 15-10, 9-15, 11-8, iná lọ. A dúró títí aago mẹ́sàn-án, iná kò dé. Àwọn méjèèjì gbà pé kí a parí rẹ̀ lọ́la. Sọ́ńdè 20/12, lẹ́yìn ìsìn, a bẹ̀rẹ̀ láti 11-8, Bàbá Olóbì ló ń sáàfù. 12-15. Ọ̀gá Ìṣirò borí. Bàbá Olóbì ló kọ́kọ́ na ọwọ́."

Ará Màkún ọmọ mi, bàbá rẹ ni. Mo rántí wọn dáadáa. Obì tútù ni wọ́n máa ń mú wá fún gbogbo wa.

Tíṣà_Àgọ́ (Àgọ́-Ìwòyè) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:01 ìrọ̀lẹ́

Ìyá wa, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Èmi àti àbúrò mi, òtítọ́ ni àwa méjèèjì sọ. 11-8 tó rí, ó rí i. Àtẹ́wọ́ tí mo pa, mo pa á.

Ará_Màkún (Ṣágámù) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:26 alẹ́

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀sán, mi ò mọ ohun tí n óò kọ.

Lóòótọ́, mo sùn sínú mọ́tò lálẹ́ Sátidé yẹn. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, èmi àti màmá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi ní àwọn ní ibì kan láti dé. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n jẹun, wọ́n so okùn mọ́ igi obì, wọ́n ní kí n mú rákẹ́ẹ̀tì mi wá. Wọn ò sọ fún mi rí pé àwọn borí. Èmi ni mo gbé 11-8 lọ láti ọdún yẹn wá, mo sì sọ ìyókù rẹ̀ fúnra mi.

Ẹ̀gbọ́n Ìyẹ́Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín bí ìyá wa ṣe kà á. 15-10, 9-15, 12-15. Ọ̀gá Ìṣirò, Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n kọ 1975 Hartono náà sílẹ̀.

Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá ní ni yín lára: bàbá mi tún lọ ní oṣù Ọ̀pẹ tó tẹ̀ lé e, mo rántí àpò obì tí a gbé sẹ́yìn mọ́tò. Kí ló wà lójú ìwé 1999?